Máàsì nínú ìdánwò JAMB: bí o ṣe máa fojú kan ìbéèrè 40 kí aago tó tán

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́ Máàsì dáadáa ni kì í fojú kan ìbéèrè 30 sí 40 nínú ìdánwò JAMB. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè 1, wọ́n ń ṣe é lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, wọ́n dé ìbéèrè 11 tó le koko, wọ́n sì wonkoko mọ́ ọn títí ìṣẹ́jú 5 fi lọ. Ìgbà tí wọ́n máa gbójú sókè, aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ àwọn ìbéèrè tí ọmọ SS1 lè ṣe láìronú púpọ̀ ṣì wà níwájú tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Máàkì ìbéèrè tó le àti ti èyí tó rọrùn, ọgba ni. Máàsì kó máàkì 100 nínú 400. Bí o bá pín 100 sí ìbéèrè 40, 2.5 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. JAMB kò ní bù sí i fún ọ torí pé o làágùn lórí ọ̀kan. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ wá gbogbo èyí tó rọrùn rí níbikíbi tó bá wà láàárín 40 náà, kí o kó wọn jọ, kí o tó padà wá bá èyí tó le fà á.

Ohun tí o nílò

Kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì:

- Ìbéèrè JAMB ti àwọn ọdún tó ti kọjá, fún iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o máa ṣe. Máàsì nìkan kò tó. Wàá rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.
- Sílébọ́ọ̀sì Máàsì ti JAMB. Apá 5 ló pín sí: nọ́ńbà àti ìlò rẹ̀, algebra, jọ́mẹ́tìrì pẹ̀lú trigonometry, calculus, àti statistics.
- Fóònù tó ní aago tó ń kà sẹ́yìn. Ilé nìkan ni wàá ti lò ó o. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú fóònù tàbí aago ọwọ́ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.
- Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń ro owó. Èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà JAMB kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìlọ́po àti pínpín.
- Ìwé funfun àti pẹ́ńsù.
- Kọ̀ǹpútà tí o lè jókòó sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ti ọ̀rẹ́ tàbí ti káfẹ̀.

Ìkìlọ̀: fi scientific calculator rẹ pamọ́ láti ọjọ́ tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì yìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ títẹ sin àti log lórí ẹ̀rọ yóò dé gbọ̀ngàn, kò ní rí bọ́tìnnì yẹn, ọkàn rẹ̀ yóò sì dàrú. Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ ra èyí tó wọ́n jù lọ́jà fún ọmọ nítorí JAMB, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yẹn ra ìwé ìbéèrè.

Ìgbésẹ̀ 1: Mọ iye àkókò tí o ní

JAMB kò fún Máàsì ní àkókò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Aago kan ṣoṣo ló wà fún iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: wákàtí 2. Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Wákàtí 2 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 7,200. Pín in sí 180, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló bọ́ sí orí ìbéèrè kan.

Ìṣẹ́jú àáyá 40 ti pọ̀ jù fún ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí o mú ọ̀rọ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Ó kéré jù fún ìbéèrè Máàsì tó ní àwòrán. Èyí já sí pé inú Gẹ̀ẹ́sì, Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì tàbí Government ni wàá ti rí àkókò Máàsì rẹ. Ọmọ tó bá ń fi ìṣẹ́jú 50 ṣe Gẹ̀ẹ́sì kò lè rí Máàsì ṣe tán, kódà bó jẹ́ òun ló gbégbá orókè nínú Máàsì ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀.

Ṣe àyẹ̀wò ara rẹ: jókòó sí ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì 60 pẹ̀lú aago. Bí o kò bá lè parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 25 sí 28, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Máàsì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Wọn bí ọwọ́ rẹ ṣe yá tó

Mú ìbéèrè Máàsì 40 láti ọdún kan. Má ṣe sáré. Ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan bí o ṣe máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì kọ orúkọ àkòrí tó ti wá. Tún un ṣe pẹ̀lú ìbéèrè ọdún mìíràn, ó kéré tán ọdún mẹ́ta lápapọ̀. Lẹ́yìn náà, pín gbogbo rẹ̀ sí òpó mẹ́ta:

- Kíá: èyí tí o rí ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40.
- Gígùn: èyí tí o mọ̀, tó sì gbà ọ́ tó ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.
- Líle: èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí o kò rí ṣe rárá.

Bí ó ti sábà máa ń rí ni pé number base, sets, indices, determinant matrix kékeré, mean àti median, probability tó rọrùn, àti differentiation tààrà máa ń bọ́ sí òpó Kíá. Bearing, tábìlì statistics tó gùn, àti mensuration tó ní kí o kọ́kọ́ wá nǹkan kan kí o tó rí òmíràn, Gígùn ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n má gba àkọsílẹ̀ mi yìí bí ó ti wà. Ti ẹlòmíràn kò ní bá tìrẹ mu. Mo ti rí ọmọ tí logarithm dùn mọ́ ju ìdá lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń ka Gígùn àti Líle sí nǹkan kan náà. Ìbéèrè lè gùn kó má le rárá. Tábìlì statistics gùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí ọ. Irú rẹ̀ yẹ kó dúró de ìyípo kejì (ẹ̀ẹ̀mẹta ni o máa yí ìbéèrè Máàsì ká: Kíá ní ìyípo kìíní, Gígùn ní ìkejì, Líle ní ìkẹta). Ìbéèrè tó kúrú, tí o kò sì mọ ibi tí o máa ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn gan-an ni Líle.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti jọ? Ní kí ẹnì kan ka ìbéèrè kan sí ọ létí, kó dúró. Bí o bá lè sọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 pé Kíá, Gígùn tàbí Líle ni, láìtíì fi pẹ́ńsù kan ìwé, o ti ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ 3: Pín wákàtí 2 náà, kí o sì há a sórí

Àwọn olùkọ́ ilé lẹ́sọ̀n kan máa ń sọ pé kí ọmọ fi Máàsì ṣáájú nígbà tí ọpọlọ ṣì jí pépé. Èmi kò gbà. Ẹni tó bá fi Máàsì bẹ̀rẹ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò níbẹ̀, torí aago ṣì kún, wákàtí 2 dà bíi pé kò lè tán. Ẹni tó sì fi í sẹ́yìn pátápátá, ìyókù ìṣẹ́jú ló máa fi ṣe é. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí o gé Máàsì sí ọ̀nà méjì, kí iṣẹ́ mìíràn wà láàárín. Kọ̀ǹpútà JAMB gbà ọ́ láyè láti lọ láti iṣẹ́ kan sí òmíràn, kí o sì tún padà, nígbàkígbà tó bá wù ọ́. Bí o bá fi ìbéèrè tó le sílẹ̀ fún bí wákàtí kan kí o tó padà sí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wàá rí ohun tí o kò rí tẹ́lẹ̀.

Èyí ni ìpín fún ẹni tó ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Máàsì, Físíìsì àti Kẹ́mísírì. Aago ojú kọ̀ǹpútà ń kà sẹ́yìn ni, ìdí nìyí tí mo fi kọ ohun tó gbọ́dọ̀ kù níbẹ̀:

- Kẹ́mísírì, ìṣẹ́jú 20. Nígbà tí o bá parí, ìṣẹ́jú 100 ló kù.
- Máàsì, ìyípo kìíní àti ìkejì, ìṣẹ́jú 32. Ó ku 68.
- Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú 25. Ó ku 43.
- Físíìsì, ìṣẹ́jú 28. Ó ku 15.
- Máàsì, ìyípo kẹta, ìṣẹ́jú 10. Ó ku 5.
- Àyẹ̀wò ìkẹyìn, ìṣẹ́jú 5.

Ẹni tó ń ṣe Economics àti Government dípò Físíìsì àti Kẹ́mísírì lè fi Government ṣáájú pẹ̀lú ìṣẹ́jú 17, kó fi 25 ṣe Economics, kó sì kó ìṣẹ́jú 6 tó jèrè lé orí Máàsì.

Nọ́ńbà mẹ́rin ló yẹ kó wà lórí rẹ: 100, 68, 43, 15. Má gbìyànjú láti máa ka ìṣẹ́jú lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn. Ìyẹn yóò dá ẹ̀rù bà ọ́ lásán. Ibi ààlà nìkan ni kí o máa wo aago, àti ìgbà kan ní àárín Máàsì.

Ìkìlọ̀: bí aago bá ti dé ààlà, kúrò níbẹ̀, ì báà ku ìbéèrè kan ṣoṣo. «Jẹ́ kí n kàn parí èyí» ló ń jẹ ìṣẹ́jú 15 ìkẹyìn rẹ.

Àyẹ̀wò: ṣe ìdánwò kíkún kan nílé, ìbéèrè 180, láìdúró. Wo bí o ṣe jìnnà sí ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí o bá fi ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kọjá ààlà, kò burú, yóò bọ̀ sípò. Bó bá tó 8, iṣẹ́ tó ṣáájú ààlà yẹn ni kí o lọ tọ́jú, kì í ṣe dandan kó jẹ́ Máàsì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìyípo kìíní, ìṣẹ́jú 18

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí o bá ṣí Máàsì, fa ìlà kan sí àárín ìwé rẹ. Kọ G sí òkè apá kan, kọ L sí òkè èkejì. Ka ìbéèrè 1. O ní ìṣẹ́jú àáyá 10 láti dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́kàn rẹ: ṣé mo rí ọ̀nà dé òpin?

Bí o bá rí i, tí ọ̀nà náà sì kúrú, ṣe é lójú ẹsẹ̀. Bí o bá rí i, tí ó sì gùn, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí abẹ́ G, kí o tẹ N láti kọjá sí èyí tó kàn. Bí o kò bá rí i, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí abẹ́ L, kí o tẹ N. Má bínú, má ṣépè, má kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Irú àwọn tó yẹ kí o pa ní ìyípo yìí nìyí:

Wọ́n ní kí o sọ 1101 ní base 2 di base 10. 8 + 4 + 0 + 1 = 13. Ó tán.

Wọ́n fún ọ ní y = 3x² − 5x + 2, wọ́n ní kí o wá dy/dx níbi tí x ti jẹ́ 2. 6x − 5, ó di 12 − 5, ìyẹn 7.

Matrix tí ìlà òkè rẹ̀ jẹ́ 3 àti 2, tí ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5 àti 4. Determinant rẹ̀: 3 × 4 yọ 2 × 5, 12 − 10 = 2.

Wọ́n ní kí o wá nọ́ńbà ogún nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ 5, 8, 11. Ìdáhùn ni 5 + 19 × 3 = 62. Ṣọ́ra níbí yìí. 65 yóò wà lára A sí D, torí ẹni tó bá sọ ọ́ di 20 × 3 dípò 19 × 3, 65 ló máa rí. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Pé o rí ìdáhùn rẹ láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sọ pé o gbà á.

Mélòó lo máa rí ṣe? Ká ní ìbéèrè 22 nínú 40 jẹ́ Kíá fún ọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá 35. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 13. Ìbéèrè 18 yòókù gba ìṣẹ́jú àáyá 10 láti wò, ìyẹn ìṣẹ́jú 3. Ìṣẹ́jú 16 ni àpapọ̀. O ti rí gbogbo 40, o ti ní máàkì 55 lọ́wọ́, ìṣẹ́jú 2 sì ṣẹ́kù.

Ibi mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ti ń ṣubú nínú ìyípo yìí.

Èkíní, ìṣẹ́jú àáyá 10 yóò di 60 láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Wàá mọ̀ bó bá ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọ: ò ń ka ìbéèrè kan náà ní ẹ̀ẹ̀kẹta, pẹ́ńsù kò sì tíì kan ìwé. Tẹ N.

Èkejì ni «mo ti ṣe é dé ìdajì». O bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tó dà bí Kíá, ó wá ń gùn bí òjò ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú kan, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí abẹ́ G, fa ìlà yí iṣẹ́ tí o ti ṣe ká kí o lè rí i tí o bá padà, kí o sì máa lọ. Iṣẹ́ náà kò sọnù. Ìyípo kejì ló máa parí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ìdáhùn tí o rí kò sí lára A sí D. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí o yẹ̀ wò: ṣé radius ni wọ́n béèrè ni o wá diameter? Ṣé cm ni wọ́n fẹ́, tí o fi m ṣe é? Ṣé àmì ìyọkúrò kan ti sá mọ́ ọ lọ́wọ́? Bí kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, G nìyẹn.

Má fi ìdáhùn àbá sí èyí tí o fò ní ìyípo yìí. Jẹ́ kó ṣófo. Ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ní àpótí nọ́ńbà 1 sí 40, àwọ̀ èyí tí o ti dáhùn sì máa ń yàtọ̀ sí ti èyí tó ṣófo. Bí ìwé rẹ bá dàrú, àpótí yẹn ni yóò sọ ibi tí o ń lọ.

Àyẹ̀wò ìyípo kìíní: o ti fojú kan ìbéèrè 40, ó kéré tán ìdajì wọn ti ní ìdáhùn, aago sì wà ní nǹkan bíi 82. Bí aago bá ti di 82 tí o ṣì wà ní ìbéèrè 31, má lọ sí ìyípo kejì. Sáré wo 9 tó kù náà lọ́nà kan náà. Èyí tó rọrùn lè wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìyípo kejì, ìṣẹ́jú 14

Abẹ́ G ni kí o dojú kọ. Kọ́kọ́ parí àwọn tí o ti fa ìlà yí ká, nítorí iṣẹ́ wọn ti dé ìdajì. Lẹ́yìn náà, tẹ nọ́ńbà àwọn tó kù nínú àpótí ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 75, ìṣẹ́jú 14 tó ìbéèrè 11.

Ọ̀nà tó yára jù kì í ṣe èyí tí olùkọ́ rẹ kọ́ ọ ní kíláàsì fún WAEC. WAEC fẹ́ rí iṣẹ́ rẹ. JAMB kò bìkítà nípa iṣẹ́, ìdáhùn nìkan ló fẹ́, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ láàárín mẹ́rin. Lo ìyẹn.

Dán ìdáhùn wò. Wọ́n ní 2x + 3y = 13 àti x − y = −1. A ni x = 3, y = 2. B ni x = 2, y = 3. C ni x = 5, y = 1. D ni x = 1, y = 4. Má yanjú nǹkan kan. Fi wọ́n sínú èyí tó kúrú jù, x − y. A fún ọ ní 1, B fún ọ ní −1, C fún ọ ní 4, D fún ọ ní −3. B nìkan ló bá a mu. Bó bá jẹ́ pé méjì ló bá a mu ni wàá tó lọ sí èkejì.

Lo àròpọ̀ àti ìlọ́po. x² − x − 12 = 0: àròpọ̀ gbòǹgbò méjèèjì jẹ́ 1, ìlọ́po wọn jẹ́ −12. Èwo nínú mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀? −3 àti 4. Ẹni tó yan 3 àti −4 gba ìlọ́po, kò gba àròpọ̀.

Fojú díwọ̀n. Wọ́n ní kí o ṣe 0.0402 × 19.8, kí o sì fi 0.00396 pín in. Ìdáhùn mẹ́rin ni 2.01, 20.1, 201 àti 2010. Sọ ọ́ di 0.04 × 20, ìyẹn 0.8, pín in pẹ̀lú 0.004, ó di 200. 201 ni. O kò ṣí ẹ̀rọ ìṣirò rárá.

Fi nọ́ńbà dípò lẹ́tà. Bí àwọn ìdáhùn bá jẹ́ lẹ́tà, bíi kí o sọ (x² − 9) ÷ (x − 3) di kékeré, fi x = 1. Òkè di −8, ìsàlẹ̀ di −2, ó fún ọ ní 4. Nínú x − 3, x + 3, 3 − x àti x + 9, x + 3 nìkan ló jẹ́ 4. Má lo nọ́ńbà tó máa sọ ìsàlẹ̀ di òdo, ìyẹn 3 níbí. Bí ìdáhùn méjì bá sì fún ọ ní iye kan náà, yí nọ́ńbà rẹ padà.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó wà lórí rẹ kí o tó wọlé, torí ṣíṣí ẹ̀rọ ìṣirò ojú kọ̀ǹpútà àti fífi máòsì tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ń jẹ àkókò: square 1 dé 20, 2 sí power 1 dé 10, sin, cos àti tan ti 30, 45 àti 60, onígun mẹ́ta 3-4-5, 5-12-13 àti 8-15-17. Bí wọ́n bá ní sin jẹ́ 3/5, kí ojú rẹ ti rí 4 kí ọwọ́ rẹ tó ya àwòrán.

Ìkìlọ̀ kan: dídán ìdáhùn wò kì í yára ní gbogbo ìgbà. Bí ìṣirò inú dídán an wò bá gùn ju yíyanjú rẹ̀ lọ, yanjú rẹ̀. Ilé ni kí o ti mọ irú èyí tó yẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àyẹ̀wò: aago wà ní 68. Bí G bá ṣì ní mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú, kó wọn lọ sí abẹ́ L, kí o sì kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì. Má wo ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìyípo kẹta, nígbà tí ìṣẹ́jú 15 bá kù

Kí o tó ronú lórí ìbéèrè kankan, lọ yíká gbogbo èyí tó ṣófo nínú Máàsì, kí o tẹ ìdáhùn kan sí i. JAMB kì í yọ máàkì nítorí ìdáhùn tí kò tọ́. Òfo nìkan ni kò lè mú nǹkan wá. Ìbéèrè 7 tó ṣófo, bí o bá fi lẹ́tà kan náà dáhùn gbogbo wọn, lè fún ọ ní ọ̀kan tàbí méjì. Ìṣẹ́jú kan péré ló gbà. Lẹ́yìn èyí, bí iná bá lọ tàbí tí àkókò bá tán, o ti gba tìrẹ.

Ìwé rẹ ló máa wúlò wàyí, torí àpótí ìsàlẹ̀ kò ní fi ìyàtọ̀ hàn mọ́. Tẹ̀ lé nọ́ńbà abẹ́ L. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wá ìdáhùn tí kò lè ṣeé ṣe, kí o sì ju ú nù: probability tó ju 1 lọ, ìwọ̀n ilẹ̀ tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, igun inú onígun mẹ́ta tó kọjá 180, mean tó tóbi ju nọ́ńbà tó tóbi jù nínú àkójọ. Bí o bá lè lé méjì jáde, mú ọ̀kan nínú méjì tó kù, kí o máa lọ. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni ìbéèrè kan ní lọ́dọ̀ rẹ, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀: àkókò yìí ni ọwọ́ máa ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu láti yí ìdáhùn ìyípo kìíní padà. Má yí i àfi bí o bá rí àṣìṣe kan pàtó tí o lè tọ́ka sí. Ara tó ń fu ọ́ nìkan kò tó ìdí.

Àyẹ̀wò: kò sí òfo kankan nínú Máàsì, aago sì wà ní 5.

Ìgbésẹ̀ 7: Kọ́ ọwọ́ rẹ ní bọ́tìnnì

Ìgbésẹ̀ yìí kúrú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jókòó sí kọ̀ǹpútà rí yóò fi bọ́tìnnì pàdánù ohun tó fi Máàsì jèrè. Bọ́tìnnì 8 ló wà: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún èyí tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S láti fi ìdánwò ránṣẹ́, R láti padà sẹ́yìn bí o bá ti tẹ S. Ìdánrawò tí JAMB máa ń ṣe kí ìdánwò gan-an tó dé, èyí tí wọ́n ń pè ní mock, dára fún èyí ju ohunkóhun lọ. Lọ bí o bá lè lọ.

Nílé, fi ìwé bo kíbọọ̀dù, kí o máa fi ọwọ́ kan ṣe A sí D àti N títí ojú rẹ kò fi ní máa wo ìsàlẹ̀ mọ́. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: dáhùn ìbéèrè 20 láìwo kíbọọ̀dù, kí gbogbo ìdáhùn sì bọ́ síbi tí o fẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn, tàbí tí máòsì kò gbọ́ràn, gbé ọwọ́ sókè lójú ẹsẹ̀. Má fi ìṣẹ́jú kan gbìyànjú láti tún un ṣe fúnra rẹ.

Ní ìṣẹ́jú 5 ìkẹyìn, ṣí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o wo àpótí ìsàlẹ̀ bóyá òfo wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí o tẹjú mọ́ jù, torí 60 ló ní, àwọn tó wà ní ìparí rẹ̀ sì rọrùn láti gbàgbé. Bí aago bá ṣì kù lẹ́yìn náà, má tẹ S torí pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ti dìde. Padà sí ìbéèrè tó kẹ́yìn lábẹ́ L.